Ṣé kí bàbá mi ta ilẹ̀ Ìkòròdù kí n lè lọ kàwé ní ìlú òyìnbó?

Ọmọ Rélùwéè, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé a kò lè ṣàì rí ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá láàárín yín.

Ọmọ ọdún 26 ni mí. Mo kàwé gboyè ní Akọkà, mo ṣe agùnbánirọ̀ parí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe ìṣirò owó ní Màrínà. Ní oṣù tó kọjá ni yunifásítì kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí mi pé àwọn ti gbà mí fún oyè kejì, ẹ̀kọ́ ọdún kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n mo ní láti san apá kan owó ilé-ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní nọ́ńbà CAS tí èèyàn fi ń béèrè fún físà.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní tó lè di owó ńlá ni plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ìkòròdù, tí wọ́n rà ní 1998, tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì yí ká, tí wọn kò sì rí owó kọ́ ju ìpìlẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn yóò tà á, wọ́n tilẹ̀ ti mú oníbàárà kan lọ wò ó. Ìyá mi kò sọ pé kí wọ́n tà á, wọn kò sì sọ pé kí wọ́n má tà á. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà bá ti délẹ̀ báyìí, ilé ìdáná ni ìyá mi máa ń gbà lọ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kò sí ìdí tí a fi ní láti ta nǹkan kan, pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi owó tiwọn sínú àkáǹtì ẹni fún oṣù kan, tí àwọn tó ń fúnni ní físà á fi ojú rí i, tí wọ́n á sì gba owó wọn padà pẹ̀lú èlé. Ẹlòmíràn ní kí n gbàgbé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ní Jámánì. Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ṣé ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ yìí tó ohun tí à ń ta ilẹ̀ sí? Ẹ̀yin tí ẹ sì ti padà sí Èkó, kí ni ẹ bá nílé?

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Àbúrò mi, o kú ìrònú. Leeds ni mo ti ń kọ èyí. Ní 2023 ni mo kúrò ní Ṣómólú, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó àfihàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní POF, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ohun tí òfin wọn sọ ni pé iye tó bá kù nínú owó ilé-ìwé rẹ, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án, gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì tìrẹ tàbí ti òbí rẹ fún ọjọ́ 28 gbáko, kó má sì dín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tèmi, pọ́ùn 1,023 lóṣù ni fún ẹni tí kò bá ní gbé London, ó sì di pọ́ùn 9,207 lápapọ̀. Wọ́n ti gbé e sókè láti ìgbà náà, nítorí náà ojú ewé ìjọba wọn ni kí o ti wo iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ béèrè. Owó àbúrò bàbá tàbí ti ẹ̀gbọ́n ẹni kò wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti bàbá rẹ, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ àti lẹ́tà tí wọ́n fi yọ̀ǹda owó náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Náírà ni owó tèmi. Mo ti ṣírò rẹ̀, mo ti fi díẹ̀ lé e, mo wá fi í sílẹ̀ kó máa sùn láti ìparí Oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 sì kọjá 600 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Owó mi kò kúrò lójú kan, kọ́bọ̀ kan kò yọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò tó mọ́, nítorí pé iye tí náírà bá jẹ́ ní ọjọ́ tí èèyàn béèrè fún físà gan-an ni wọ́n máa ń fi ṣírò. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní àdúgbò wa ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo gbé ìwé àkáǹtì lé orúnkún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù gbì-gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi fóònù pín iye náà lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló sì ń já sí. Ìyá mi ní láti lọ bẹ olórí àjọ pé kí ó fún wọn ní àjọ tí kò tíì kàn wọ́n, kí èmi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28 mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó tó ṣẹ́kú géérégé pẹ̀lú ohun tí wọ́n ní kí ẹ mú wá. Kí ẹ sì tọ́jú ìwé títà rẹ̀, nítorí wọ́n lè bi yín pé níbo ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti já bọ́.

Àwọn tó ń yáni lówó fún oṣù kan yẹn, sá fún wọn bí ẹni sá fún iná. Àwọn aṣàyẹ̀wò lè pe báńkì láti wádìí, bí wọ́n bá sì mú èèyàn pẹ̀lú ẹ̀tàn, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Yàtọ̀ sí owó físà, owó ìlera wà tí wọ́n ń gbà ṣáájú, pọ́ùn 776 lọ́dún ni fún akẹ́kọ̀ọ́ láti 2024, ẹ̀kọ́ ọdún kan sì máa ń di owó ọdún kan àti ààbọ̀ nítorí oṣù díẹ̀ tí wọ́n ń fi kún físà náà. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tún wà. Ọ̀dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri, ní Ìkẹjà ni mo ti ṣe tèmi. Tètè ṣe é, nítorí bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò, èsì rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Owó tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ọn ni èyí tí wàá ná láti ọjọ́ tí o bá balẹ̀ títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò sanwó. Onílé tí mo kọ́kọ́ bá pàdé bi mí pé ta ni yóò dúró fún mi, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbé ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. N kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà náà. Èmi tí mo rò pé Èkó nìkan ni ojú ayálégbé ti ń rí màbo! Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà wá láàyè láti fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ó lè ra oúnjẹ, ó lè san iná, ṣùgbọ́n kò lè san owó ilé-ìwé, kí ẹ́jẹ́ńtì kankan má sì sọ ohun tó yàtọ̀ fún ọ. Físà tí wọ́n ń fún ni lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ọdún méjì ni wọ́n ń fún àwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2027, oṣù 18 ni tirẹ̀. Fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ.

Nípa ẹrù, gàrí àti èlùbọ́ wọlé, ẹran kò wọlé. Ìyá mi di pọ̀nmọ́ gbígbẹ sáàárín èlùbọ́, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ló ń ṣà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, kò sì sọ̀rọ̀ kankan sí mi.

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní Jámánì

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbí kì í gba owó ilé-ìwé, àfi ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó ń gba yúrò 1,500 ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwa tí a kò wá láti Yúróòpù, láti 2017. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún ọ ní físà, wàá ti yúrò 11,904 mọ́ inú àkáǹtì kan, bí o bá sì dé ibí tán, wọ́n á máa tú 992 sílẹ̀ fún ọ lóṣooṣù. Owó ńlá náà ni, àkókò kan náà ni bàbá rẹ yóò sì wá a. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé owó náà kò di ti ẹlòmíràn. Ìwọ fúnra rẹ lo máa jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kọ́ oyè kejì tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ pọ̀ dáadáa, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù 18 ni wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti wáṣẹ́, mo sì lo mẹ́wàá nínú rẹ̀ nídìí èdè tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti Èkó. Bí ó bá jẹ́ Jámánì lo fẹ́, tètè wá ọjọ́ ìpàdé físà, kí o sì bẹ̀rẹ̀ èdè lónìí.

Ará Láfíàjí

Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ti àlọ. Àbọ̀ ni tèmi, òun náà sì ni apá kejì ìbéèrè rẹ.

Ní 2017 ni mo lọ, mo sì padà ní 2018. Nígbà náà, ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò ní físà fún àtiṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n ti pa á rẹ́ ní 2012, 2021 ni wọ́n tó dá irú rẹ̀ padà. Bí èèyàn bá ti parí, ẹrù ló kù kó dì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo wọ dánfó láti Ọbáléńdé, mo ń lọ sí Yábàá. Mo jókòó jẹ́ẹ́. A kọjá ibi tí mò ń lọ, mo sì ń wò ó bó ṣe ń lọ, nítorí pé ọwọ́ mi wà lára irin fèrèsé, ó ń wá bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí awakọ̀ lè dúró. Ìgbà tí mo máa rántí pé ẹnu ni wọ́n fi ń dá bọ́ọ̀sì dúró nílé wa, tí mo kígbe pé “Ó wà o!”, a ti dé Jíbówú. Kọ̀ndọ́ wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé àlejò ni yín ni?” Èmi tí wọ́n bí sí Láfíàjí! Gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tètè kúrò lára mi.

Iṣẹ́ ló wá le jù. Mo rò pé ìwé-ẹ̀rí náà yóò ṣáájú mi wọlé, kó máa ṣílẹ̀kùn. Ọdún tí mo lò lọ́hùn-ún, àlàfo ni ọ̀pọ̀ àwọn tó fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kà á sí. Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ kí n tó lọ ti di ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Iye tí wọ́n fẹ́ máa san fún mi kò ju iye tí mò ń gbà kí n tó kúrò lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé, pọ́ùn 140 ni mo sì bá wálé, nítorí gbogbo ìṣirò tí a ṣe, ti lílọ ni. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó bá lọ lè padà wá, kó sì máa jẹun. Ìyá mi ló bọ́ mi. Lóòótọ́, nígbà tí iṣẹ́ dé, ohun tí mo kọ́ ni mo ń lò nínú rẹ̀ títí di òní, n kò sì kábàámọ̀ pé mo lọ. Ohun tó dùn mí ni oṣù mẹ́jọ tí n kò múra sílẹ̀ dè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Èkó. Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, 1890 ni ìjọba rán an lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀ ọba. Ojú rẹ̀ là sí bí wọ́n ṣe ya ipò àti owó òyìnbó sọ́tọ̀ sí ti aláwọ̀ dúdú, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898. Ẹ̀rín sábà máa ń pa mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé ni ayé ń dùn fún.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí tó jẹ́ pé oyè àkọ́kọ́ ló fẹ́ lọ gbà: bí o bá gboyè kí o tó pé ọgbọ̀n ọdún, agùnbánirọ̀ ń dúró dè ọ́, ẹni tó kọ́ òfin yóò kọ́kọ́ ṣe apá kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin nílé, dókítà yóò ṣe ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ nílé wa. Àbúrò mi kò nílò ìyẹn.

Ohun tí ìwọ nílò ni pé kí o gbìyànjú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Chevening, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni, ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ó kéré tán wákàtí 2,800, ọdún mẹ́ta rẹ ní Màrínà sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń gba ìwé, wọ́n á sì ní kí o padà sílé fún ọdún méjì, ó kéré tán, bí o bá parí. Ti Commonwealth náà wà. Àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju àwọn tó ń rí gbà lọ fíìfíì, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń gbà kí èèyàn sún ìwọlé rẹ̀ sí ọdún tó tẹ̀lé e. Ọdún kan ni yóò ná ọ. Bí kò bá bọ́ sí i, ilẹ̀ kò ní sá lọ, ẹ ṣì lè tà á. Kí ẹ kàn yọ owó oṣù díẹ̀ sọ́tọ̀ nílé fún ìgbà tí o bá dé.

Màmá Ìdúmọ̀tà

Ọmọ mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo yín sì sọ̀rọ̀ owó dáadáa. Ta ló ni ilẹ̀ náà? N kò bi ọ́ pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé. Mo bi ọ́ pé ta ló ni ín. Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí?

Èmi ta ọjà ṣọ́ọ̀bù mi tán, léèsì àti áńkárá, kí ọmọkùnrin mi lè lọ sí Kánádà. N kò sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, mo ní ọmọdé ni. Ọmọdé náà ti dàgbà báyìí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fowó ránṣẹ́ sílé, kì í fọwọ́ kàn án. Á ní kí n fi ra ọjà mi padà. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣe é, èmi ni mo mọ̀.

Ìyá rẹ tó ń gba ilé ìdáná lọ yẹn, oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń lọ sè. Wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

Ọmọ Rélùwéè, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, mo ti sọ fún ẹni ibi iṣẹ́ wa yẹn pé n kò fẹ́ owó yíyá.

Màmá, lálẹ́ àná ni mo wọ ilé ìdáná. Ìyá mi ń rẹ́ ilá. Mo bi wọ́n pé kí ni èrò wọn lórí ilẹ̀ Ìkòròdù. Wọn kò gbójú sókè, wọ́n rẹ́ ilá náà tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní láti 1998 ni àwọn ti ń retí ẹni tí yóò bi àwọn. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà lẹ́nu géètì rélùwéè nígbà náà, àjọ ọdún méjì tí wọ́n dá níbẹ̀ sì ni ìdajì owó ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ ìwé, bàbá mi nìkan ni wọ́n pè, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ. Wọn kò ní kí a má tà á. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Bí ẹ bá máa tà á, kí ẹ kọ orúkọ mi sí i kí ẹ tó tà á.”

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi ní òwúrọ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ títí tíì tí wọ́n ń mu fi tutù, lẹ́yìn náà ni wọ́n pe oníbàárà náà lórí fóònù pé kó ṣì ní sùúrù. Èmi náà ti kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n sún mi sí ọdún tó ń bọ̀, mo sì ń retí èsì wọn.

Ẹ̀gbọ́n Láfíàjí, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan péré ló kù. Mo kà á pé ẹni méjì ni Chevening ń fẹ́ kó jẹ́rìí èèyàn. Ọ̀gá mi ní Màrínà kò tíì mọ̀ pé mo ń ronú àtilọ. Ṣé kí n sọ fún wọn nísinsìnyí, àbí kí n dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?